Kí Ni Kí N Wá Fi Orí Mi Ṣe?

Òjò rọ̀ láàárọ̀, sún kẹrẹ fà kẹrẹ wà ní Ọláìyá ní Òṣogbo, mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi tó ṣiṣẹ́ òru, mo sì pín oògùn tí ó yẹ kí n pín. Ìyókù ọjọ́ òní kò ju gbólóhùn kan lọ, èyí tí Alájà, aláìsàn wa tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ọyàn, sọ, tí kì í sì í ṣe èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún. Ìyá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí mo ń tún omi tí ó ń kán sí wọn lára ṣe. Wọ́n ní: “Gbogbo èèyàn ló ń ní kí n má ronú. Bí n kò bá ronú, kí ni kí n wá fi orí mi ṣe?” Ìyá kejì rẹ́rìn-ín, Alájà náà rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gba ẹ̀rín náà mọ́ wọn lẹ́nu.

Mo gbé gbólóhùn yìí dé ìdí tábìlì tí a ti ń kọ ìwé, mo gbé e wọ ọkọ̀, ó sì tún wà pẹ̀lú mi níbi tí mo ti ń dín dòdò. Ní wọ́ọ̀dù wa, “ẹ má ronú” ni ó máa ń tẹ̀lé “ẹ pẹ̀lẹ́.” Dókítà a máa sọ ọ́, ẹni tí ń nulẹ̀ a máa sọ ọ́. Àáfà tí ó wá ṣe àdúà fún Alájà sọ ọ́, pásítọ̀ tí ìyá kejì ń retí yà sọ́dọ̀ wọn, òun náà sọ ọ́. Kò sí ẹni tí ó fi ibi sọ ọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ti sọ ọ́ fún mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, nítorí kò sí èsì tí ó lè fọ̀ ju kí ó dúpẹ́ lọ.

Òru ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò rọrùn rárá. Alájà ń pe orúkọ àwọn tí wọ́n ti kú, wọ́n ń fa okùn omi tu, wọ́n ń sọ pé ọmọ ẹnì kan wà lábẹ́ aṣọ àwọn. Ẹnì kan nínú ẹbí sọ ní kọ́rídọ̀ pé Ìyá ti ń kà, bí ẹni pé àjẹ́ ni wọ́n, tí wọ́n ń jẹ́wọ́. Ẹni tí ó bá dàgbà ní Òṣogbo mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Ó lè lé ọmọ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ kí a tó ṣẹ́jú. Bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ ọyàn tí ó ti wọ eegun a máa mú kí kálísíọ̀mù, èròjà inú eegun, pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, tí kálísíọ̀mù bá sì pọ̀ jù, orí a dàrú. Àrùn inú ìtọ̀ lè fà á, àìmu omi tó lè fà á, ìgbẹ́ tí kò jáde lè dá kún un, kíndìnrín tí kò lè gbé morphine, oògùn ìrora, jáde kúrò lára mọ́ sì lè mú kí èèyàn máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ti Alájà, kálísíọ̀mù ni. Àwọn ọmọ dáwó jọ, wọ́n ra oògùn tí ó ń fà á wálẹ̀, a fa omi sí wọn lára dáadáa, orí wọn sì padà bọ̀ sípò.

Ohun tí ó ń dùn mí gan-an nìyí. Orí tí a náwó tún ṣe náà ni a tún ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má lò.

Nínú ìwé tí a ń kọ ìrora sí, aláìsàn yóò mú nọ́ńbà kan láti òdo dé mẹ́wàá. Alájà ní méjì. Mo kọ méjì. Cicely Saunders, ẹni tí ó ti ṣe nọ́ọ̀sì kí ó tó di dókítà, tí ó sì dá ilé ìtọ́jú St Christopher's sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1967, máa ń sọ pé ìrora ẹni tí ó ń kú lọ kì í ṣe ti ara nìkan: ti ọkàn wà níbẹ̀, ti ẹbí àti owó wà níbẹ̀, ti ọ̀rọ̀ àárín òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èwo ni méjì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Kò sí àyè fún un nínú ìwé náà.

Wọ́n tún ń bi wá bóyá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni ó ń da Alájà láàmú. Ẹni tí ara rẹ̀ le, bí kò bá jẹun, tí kò sùn, tí ó ń rù, tí ó ń rẹ̀ ẹ́, a lè fura. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ a máa ṣe gbogbo ìwọ̀nyí, nítorí náà ohun tí jẹjẹrẹ kì í ṣe ni a ní láti béèrè: ṣé nǹkan kan ṣì ń dùn mọ́ wọn, ṣé wọ́n ka ara wọn sí ẹrù fún àwọn ọmọ, ṣé wọ́n ti kórìíra ara wọn? Níbo ni a ti fẹ́ béèrè rẹ̀? Kọ́tìnì ni ó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì kan àti èkejì, yàrá tí a ń tọrọ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, a kò tíì rí i gbà. Bí mo bá sì béèrè, ọmọbìnrin wọn ni yóò dáhùn: “Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sùn, Àǹtí Nọ́ọ̀sì.” Ká tilẹ̀ ní ìrẹ̀wẹ̀sì ni, oògùn rẹ̀ a máa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó ṣiṣẹ́, a kò sì mọ iye ọ̀sẹ̀ tí a ní lọ́wọ́. Ẹ̀rín òwúrọ̀ yẹn kò jọ ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì pátápátá. Tàbí kẹ̀, a máa ń rẹ́rìn-ín náà.

Nígbà tí dókítà kọ̀wé pe dókítà ọpọlọ, ọmọkùnrin wọn kejì bínú, ó béèrè bóyá ìyá òun ya wèrè ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, èyí tí ó gba ipò òfin wèrè tí a jogún láti ayé òyìnbó amúnisìn. Inú mi dùn nígbà náà. Ṣùgbọ́n n kò rí abala kan nínú òfin tí mo lè kà fún ọmọkùnrin yìí ní kọ́rídọ̀, kí ojú rẹ̀ sì wálẹ̀.

Mo sì tún ń rò ó pé mo le jù sí àwọn ọmọ náà nínú ohun tí mo ń kọ yìí. Orí ẹní, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ni ọmọbìnrin wọn ń sùn. Òun ni ó ń fi òwú tútù nu ètè ìyá rẹ̀, tí ó sì ń pa òróró sí i kí ó má baà là. Bóyá “ẹ má ronú” tirẹ̀ kò jọ tiwa rárá. Bóyá ohun tí ó ń sọ ni pé kí Ìyá má tíì lọ. Ó bẹ̀ mí pé kí a má jẹ̀ẹ́ kí Ìyá mọ̀, Ìyá sì ti ń béèrè lọ́wọ́ mi ẹni tí yóò máa tọ́jú ìsọ̀ aṣọ wọn ní Ọjà Ọba, pé ọmọ tí ó wà níbẹ̀ kò mọ owó kà. Wọ́n mọ̀ tipẹ́. Àwọn méjèèjì ń pa á mọ́ fún ara wọn, èmi ni mo sì wà láàárín, mo ń díwọ̀n ìtọ̀.

Ọ̀la ni àkọ́bí ń bọ̀ láti Èkó, òun ni àwọn yòókù ń retí kí wọ́n tó pinnu ohunkóhun. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá a jókòó kí ó tó wọlé sí wọ́ọ̀dù. Dókítà ní èmi ni, nítorí pé Alájà fẹ́ràn mi. Èmi rò pé dókítà ni, nítorí pé òun ni yóò gbà gbọ́.