Ẹ má tíì da omi sí irun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú

Ní ìsọ̀ onídìrí kan ní Mọ́kọ́lá lónìí, wọ́n tú irun wẹ́wẹ́ tó ti pẹ́ lórí ọmọbìnrin kan. Bí wọ́n ṣe tú u tán, omi ni wọ́n kọ́kọ́ dà sí i. Kíá ló lọ́ pọ̀, àlùmọ́gàjí ni wọ́n fi gé e. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ gbọ́ ohun tó fà á. Irun bíi 50 sí 100 ló ń já lórí èèyàn lójúmọ́. Tó bá wà ní dídì, èyí tó já ò ríbi bọ́ sí, inú ibẹ̀ ló ń kó jọ sí, pẹ̀lú ìdọ̀tí funfun tó ń dì mọ́ ìdí irun. Omi ló ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi òróró àgbọn pa ibi ìdọ̀tí yẹn, ẹ fi ìka rún un títí á fi tú. Ẹ fi ìka ya irun náà, kí ẹ tó mú òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra. Láti ṣóńṣó irun ni kí ẹ ti máa yà á bọ̀ sí ìdí. Ìgbà náà ni kí ẹ tó fọ̀ ọ́.

Tí irun dídì náà bá ṣì wà lórí, ẹ po ṣámpù ìdá kan mọ́ omi ìdá mẹ́ta, ẹ fi fọ awọ orí ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Orí ìka ni o, kì í ṣe èékánná. Kó gbẹ dé ìdí kí ẹ tó wé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa rùn.

Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ti tó kí irun dídì fi wà lórí. Bí kókó wẹ́wẹ́ bá yọ ní ẹ̀bátí, onídìrí ti fà á le jù: ẹ tú ibẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Irú ìfàle bẹ́ẹ̀ ló ń mú iwájú orí pá.