Kèfèrí ni gbogbo wa nínú Sáàmù yẹn

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí fèrèsé nítorí ọbẹ̀ mi, oṣù kejì ọdún ni, òtútù sì ń gé èèyàn létí. Ẹ̀fọ́ rírò ni mo gbé lọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi irú sí i dáadáa, torí èmi ò mọ ẹ̀fọ́ kan tí kò nírú. Màmá òyìnbó kan tó ń pín tíì gbọ́ òórùn rẹ̀, ó dúró, ó gbé tíì kalẹ̀, ó lọ ṣí fèrèsé mẹ́ta. Kò sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní Màmá Fèrèsé nínú ọkàn mi.

Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré ni tiwa ní Chatham, ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A ò ju ogójì lọ: ará Kerala láti Íńdíà, ará Ìráànì, ìdílé méjì láti Hong Kong, ọmọ Ukraine kan àti ìyá rẹ̀, àwọn àgbàlagbà òyìnbó, èmi àti ọmọ mi. Kì í ṣe pé mi ò rí ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá. Mo lọ ọ̀kan fún ọdún méjì, bí wọ́n bá ti dá orin báyìí, ẹkún ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣiṣẹ́ òru mọ́jú nílé ìtọ́jú arúgbó ò lè jókòó láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ di aago méjì ọ̀sán. Ti àwọn wọ̀nyí, wákàtí kan, ó parí. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o.

Nígbà tí Pẹ́ńtíkọ́sì ń bọ̀, àlùfáà ní kí olúkúlùkù ìdílé wá ka Sáàmù 117 ní èdè tirẹ̀. Ẹsẹ méjì péré ni. Kò sí orí tó kúrú tó o nínú Bíbélì. Ó wà lára àwọn Sáàmù tí àwọn Júù máa ń kọ lórin nígbà Ìrékọjá, láti 113 dé 118, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ara wọn ni Jésù àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kọ kí wọ́n tó jáde lọ sí Òkè Ólífì, lóru tí wọ́n mú un.

Ọmọ mi ní òun ni òun máa kà á. Mo gbé Bíbélì ìyá mi fún un, ti àtijọ́ tí àmì ohùn rẹ̀ ò tó nǹkan. Ó la ẹnu, ó ní, "Ẹ̀yìn Olúwa!" Mo ní ẹ̀yìn kọ́, ẹ yìn. Ó tún ní, "Ẹ̀yìn Olúwa, ẹ̀yin orílẹ̀-èdè gbogbo." Ó wá bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé Ọlọ́run kọ̀yìn sí wọn ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹsẹ kejì ní ìṣeun àánú rẹ̀ pọ̀ sí wa. Àlùfáà ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ le ju "pọ̀" lọ: òun ni wọ́n lò fún omi ìgbà Nóà nígbà tó gun orí òkè. Àánú tó kún bo èèyàn mọ́lẹ̀ ni. Ó dáa, àmọ́ ta ni "wa"? Ísírẹ́lì ni. Ẹni tí Ọlọ́run ṣe lóore ló ń ké sí gbogbo ayé pé kí wọ́n wá bá òun dúpẹ́. Àwa wà lára àwọn tí wọ́n ń ké sí.

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù tún ẹsẹ kìíní náà sọ nínú Róòmù 15, Kèfèrí ni Bíbélì Yorùbá pe àwọn orílẹ̀-èdè yẹn. Kèfèrí! Orúkọ tí à ń pe baba ẹlòmíì tó ń bọ Ògún nílé. Àwa gan-an ni. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, ló túmọ̀ Róòmù sí Yorùbá, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1850. Ní Canterbury, tí a lè wọ ọkọ̀ ojú irin dé láti Chatham níbí, ni wọ́n ti fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ẹ wo ohun tó bí ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù ọ̀hún: ìjà oúnjẹ ni. Ẹ ka orí 14. Àwọn kan ń jẹ ohun gbogbo, àwọn kan ò jẹ ju ewébẹ̀ lọ, wọ́n wá ń dá ara wọn lẹ́jọ́.

Ìgbà tí mo kà á dé ibẹ̀ ni mo rántí fèrèsé mẹ́ta.

Ní oṣù karùn-ún, Màmá Fèrèsé gbé ìkòkò tí mo gbàgbé sí gbọ̀ngàn wá fún mi. Ó ti fọ̀ ọ́ títí ó ń dán, ó sì kó rhubarb, ewéko kan tí igi rẹ̀ pupa, láti inú ọgbà rẹ̀ kún un, tewé tewé. Ewé náà fẹ̀ bí ewé kókò. Inú mi dùn. Mo délé, mo rẹ́ ewé, mo da igi pupa rẹ̀ sí àpò ìdọ̀tí, mo lọ ata rodo, epo ti wà lórí iná. Fóònù dún. Màmá Fèrèsé ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ti pe àlùfáà kó tó rí nọ́ńbà mi gbà. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé àwa máa ń se ewé ni. Ó ní igi yẹn ni kí n jẹ, májèlé wà nínú ewé rẹ̀, ṣé mo ti fi sẹ́nu? Mo ní rárá, mà. Ó ní, "Ọmọ yín ńkọ́?" Mo ní rárá. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, mo sì gbọ́ tó ń fa ikun.

Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, wọ́n ka ti Kerala, wọ́n ka ti Ìráànì, ìyá ọmọ Ukraine ka tirẹ̀ lórí ìjókòó torí orúnkún. Ó kan ọmọ mi. Ó ka "ẹ̀yìn" lẹ́ẹ̀kan, ó wò mí, ó tún un kà, "ẹ yìn". A lọ sí gbọ̀ngàn. Mo ṣí ọbẹ̀ mi, irú sì kí gbogbo ilé. Màmá Fèrèsé dìde, ó lọ síbi fèrèsé. Ẹyọ kan ló ṣí.