Bí o bá gbé PVI sókè, wo K rẹ̀

Má fi máòsì fa PVI, ìyẹn ojú ibi tí ìdagẹ̀rẹ̀ méjì ti pàdé lórí ọ̀nà, bí o bá fẹ́ kí ó péye. Nínú Civil 3D, sọ́fítíwia tí a fi ń ya ọ̀nà, ṣí Profile Grid View, kí o tẹ gíga rẹ̀ síbẹ̀. Ibi kọ́ọ̀fù, ìyẹn ìtẹ̀ tó so ìdagẹ̀rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ni wàhálà wà. Ká ní ọ̀nà ń gòkè ní 3%, ó wá ń sọ̀ ní 2%: ìyàtọ̀ jẹ́ 5. Bí kọ́ọ̀fù bá gùn ní mítà 150, K, ìyẹn gígùn kọ́ọ̀fù tí a fi ìyàtọ̀ yẹn pín, jẹ́ 30. Gbé PVI sókè ní sẹ̀ǹtímítà 50 péré, tí àwọn PVI ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà ní mítà 100 sí i, ìyàtọ̀ á di 6. Bí gígùn ò bá yí padà, K já sí 25 nìyẹn, awakọ̀ ò sì ní rí iwájú jìnnà tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kí K tó padà sí 30, kọ́ọ̀fù gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 180. Ìdajì rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan PVI, jẹ́ 90 nínú mítà 100 tó wà níbẹ̀. Mítà 10 péré ló kù sílẹ̀ fún kọ́ọ̀fù tó kàn.