Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo lèèyàn ti ń bá a pàdé

Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe àjèjì sí wa ká tó wọ bàálù. Láti jẹ́lé-ó-sinmi la ti ń sọ ọ́, òun la fi kọ WAEC, òun la fi ṣe yunifásítì, àwọn kan nínú wa tiẹ̀ fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì. Àmọ́ téèyàn bá dé London tàbí Manchester, á wá rí i pé gẹ̀ẹ́sì kan wà tí kì í jáde síta rárá, ojú kan ló máa ń wà, bóyá nínú lẹ́tà Home Office, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí fíìsà, bóyá lókè bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, èèyàn lè pẹ́ nílùú yìí kó má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní títì, ọjọ́ tó bá sì máa bá a pàdé, ọjọ́ yẹn gan-an ni nǹkan pàtàkì kan nípa ayé ẹ̀ á dúró lé e lórí. Ó ń ká mi lára gan-an, torí mo ti rí i tó ṣe àwọn èèyàn wa ní jàǹbá.

Àwa náà ṣá ní irú ẹ̀. Ẹ wo wàjà. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé bàbá onímọ́tò wàjà, ọba nìkan ló ń wàjà, ọmọ wa tí wọ́n bí síbí tó bá gbọ́ ọ lè rò pé kábíyèsí gun òkè àjà lọ wá nǹkan ni, a ò sì ní bínú sí i, a máa ṣàlàyé fún un ni.

Ti réluwéè ló rọrùn jù. Tí tube, réluwéè abẹ́ ilẹ̀ London, bá ti fẹ́ dé South Kensington, wọ́n á ní "alight here" fún ẹni tó bá ń lọ sí mùsíọ́ọ̀mù. Òyìnbó fúnra ẹ̀ ò ní sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé òun fẹ́ alight, "get off" ló máa sọ. L'Ékòó, kọ́ndọ́ á pariwo "ó wà o!" fún dírẹ́bà, ọ̀rọ̀ ti tán. Èyí ò pa ẹnikẹ́ni lára, tó o bá gbé e kọjá wàá bọ́ọ́lẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn.

Arrears ló máa ń dani láàmú díẹ̀. Nílé, ẹni tó bá gbọ́ arrears, owó oṣù tí ìjọba jẹ àwọn tíṣà ló máa wá sí i lọ́kàn, owó tó ń bọ̀ wá bá ẹ ni. Níbí, ìwọ lo jẹ ẹ́. Tí lẹ́tà council tax, owó orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà, bá ní o wà in arrears, gbèsè ló ń wí o, má fi sórí fíríìjì kó máa wo ẹ́, torí tí wọ́n bá rán ẹ létí tó ò dá wọn lóhùn, wọ́n lè ní kó o san gbogbo èyí tó kù nínú owó ọdún yẹn lẹ́ẹ̀kan náà.

Nil wá ńkọ́? Bọ́ọ̀lù la ti mọ ìyẹn, two-nil, three-nil. Àmọ́ ẹ lọ sí wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ máa rí i lórí pátákó funfun lókè bẹ́ẹ̀dì: NIL BY MOUTH. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí màmá kan nínú ìjọ wa wá wo àbúrò wọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá yìí o, gẹ̀ẹ́sì wọn já gaara, wọ́n ti jí ní ìdájí ro àmàlà, wọ́n se gbẹ̀gìrì sí i, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sínú kúlà, wọ́n sì wọ bọ́ọ̀sì wá nínú òtútù. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ka pátákó yẹn ketekete, "nil by mouth," wọ́n sì ń ṣí kúlà lọ. Àbúrò wọn ń mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sẹ́nu."

"Omi náà ńkọ́?"

"Omi náà, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti fẹ́ wá gbé mi."

Nọ́ọ̀sì ló wá jókòó tì wọ́n tó ṣàlàyé pé tí oúnjẹ bá wà níkùn nígbà tí wọ́n bá kun èèyàn lóorun, ó lè bì kí èébì yẹn sì wọ ẹ̀dọ̀fóró, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń ní kéèyàn má jẹun fún wákàtí 6 ṣáájú, omi lásán sì rèé, wákàtí 2. Kí ni màmá yẹn ò gbọ́ níbẹ̀? Wọ́n gbọ́ nil, wọ́n gbọ́ by, wọ́n gbọ́ mouth. Bí wọ́n ṣe to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni kò sí nínú ìwé kankan tí wọ́n fi kọ́ ọmọ láti ọjọ́ yìí.

Èyí tó wá dùn mí jù ni leave. Leave tá a mọ̀ ni ìsinmi níbi iṣẹ́, annual leave, maternity leave. Nínú òfin wọn níbí, láti Immigration Act ti 1971 títí di òní, leave túmọ̀ sí àyè tí ìjọba gbà ẹ́, leave to enter, leave to remain. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nílé, "indefinite" la máa ń pè é, tàbí ká ní ó ti gba stay. Arákùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ kíà, ìyẹn ìtọ́jú arúgbó, ilé iṣẹ́ tó mú un wá pàdánù láísẹ́ǹsì tí wọ́n fi ń gba èèyàn láti òkè òkun, lẹ́tà dé pé wọ́n ti curtail leave ẹ̀. Ó rò pé ìsinmi ọdún ẹ̀ ni wọ́n gé kúrú, ó ní kò burú, òun ò tiẹ̀ fẹ́ lọ sílé lọ́dún yìí, ó ká lẹ́tà sínú dúrọ́ọ̀. Wọ́n sì sábà máa ń fúnni ní ọjọ́ 60 péré láti fi wá ẹlòmíràn tó máa gbà ẹ́ síṣẹ́! Ìyàwó pásítọ̀ ló ní kó gbé lẹ́tà yẹn wá kí òun rí i. Bó ṣe gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbé e mọ́, ọjọ́ ti lọ nínú ẹ̀.

Recourse náà wà. Ta lẹ gbọ́ tó sọ recourse rí lẹ́nu? Àmọ́ ó wà lórí fíìsà ọ̀pọ̀ nínú wa, "no recourse to public funds," ìyẹn ni pé kéèyàn má gba owó ìrànwọ́ ìjọba, ó sì ti kó ẹ̀rù bá àwọn ìyá ọmọ débi pé àwọn kan ò gbé ọmọ lọ rí dókítà. Ẹ gbọ́ o, Universal Credit, Child Benefit, Housing Benefit, irú ìwọ̀nyẹn ni wọ́n ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn. NHS, ìtọ́jú ọsibítù ìjọba, kò sí níbẹ̀, ilé ìwé ìjọba tọ́mọ ń lọ kò sí níbẹ̀, statutory maternity pay, owó tí òfin ní kí ilé iṣẹ́ san fún obìnrin tó bímọ, náà kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló sì ti san owó ìlera pọ̀ mọ́ owó fíìsà, £1,035 lọ́dún fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà láti February 2024. Ẹ gbé ọmọ lọ sọ́sibítù.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni "kin." Yàtọ̀ sí next of kin, ibo lẹ tún ti ń gbọ́ kin? Nílé, fọ́ọ̀mù báǹkì la ti mọ̀ ọ́n, àwọn ọkọ mìíràn ò tiẹ̀ fẹ́ kọ orúkọ ìyàwó síbẹ̀, wọ́n rò pé ẹni tí wọ́n bá kọ ló ni ogún, bẹ́ẹ̀ òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. Níbí, ìyàwó ló máa ń rò pé torí wọ́n kọ orúkọ òun, òun lòún máa pàṣẹ tí ọkọ òun bá dákú. Rárá o. Ní England, next of kin ò ní agbára kankan lábẹ́ òfin láti pinnu ìtọ́jú fún àgbàlagbà, wọ́n lè bi ẹ́ ohun tó máa wu ọkọ ẹ, àmọ́ ọwọ́ dókítà ló wà. Ohun tó ń fúnni lágbára yẹn ni lasting power of attorney, ìwé téèyàn fi ń yan ẹni tó máa pinnu fún un, attorney ibẹ̀ kì í sì í ṣe lọ́yà, ẹnikẹ́ni tó o bá fọkàn tán ni, ìyàwó, ọmọ, ọ̀rẹ́. Oríṣi méjì ni, ọ̀kan fún ìlera, ọ̀kan fún owó àti dúkìá, ẹ máa fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní Office of the Public Guardian, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí i, kó tó lè ṣiṣẹ́. Ìgbà tí ọpọlọ ẹni tó ni ín ṣì pé nìkan ló lè fọwọ́ sí i. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Court of Protection lẹ máa lọ, owó ni, àkókò ni, adájọ́ tí ò mọ bàbá yín rí ló sì máa yan ẹni tó máa ṣojú fún wọn.