Bantam tí mo tú lónìí

Lónìí ni mo ráyè tú orí ẹ́ńjìnì BSA Bantam yẹn, alùpùpù àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló dè é. Bí mo ṣe gbé e kúrò, písítìn tó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà ló yọjú, èédú bo gbogbo orí rẹ̀.

Kò sí fáfù tó ń ṣí ihò, kò sí kámù tó ń ti fáfù. Písítìn fúnra rẹ̀ ló ń ṣí ihò ara sílíńdà, òun náà ló ń dí i. Bó bá ń gòkè, á fa bẹntiróòlù àti afẹ́fẹ́ sínú ilé kíráǹkì (irin tí písítìn ń yí) nísàlẹ̀. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, á fún un gba ihò ẹ̀gbẹ́ méjì lọ sókè, bíi ti ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ibi tí ihò méjèèjì kọjú sí ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọjú sí, wọn ò kọjú sí ẹnu tí èéfín ń gbà jáde. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á lu ògiri ẹ̀yìn, á rọ́ sókè, á wá ti èéfín síta. Adolf Schnürle, ará Jámánì, ló ronú èyí. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ní láti fi gegele sórí písítìn kó lè darí afẹ́fẹ́ náà sókè, á wúwo, á sì máa gbóná jù.

Jámánì náà ni Bantam ti ṣẹ̀ wá. Alùpùpù DKW RT 125 ti ọdún 1939 ni baba rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba àwòrán rẹ̀ bí owó gbà-má-bínú, wọ́n yí ọ̀tún rẹ̀ sí òsì kí jíà lè bọ́ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n sì gbé e jáde ní 1948: 123cc, jíà mẹ́ta. Harley-Davidson náà ṣe tirẹ̀. Yamaha tẹ̀ lé e ní 1955.

Wọ́n ní ẹ́ńjìnì tí kò ní wàhálà ni. N kò gbà. Ohun tí wọ́n yọ kúrò, ẹlòmíì ló ń gbé ẹrù rẹ̀. Kò ní pọ́ǹpù ọ́ìlì, nítorí náà inú bẹntiróòlù la ń po ọ́ìlì mọ́. Ìdérí taǹkì ní ife kékeré tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Bí o bá wá ń sọ̀ lórí òkè gígùn, tí o dá bẹntiróòlù tó ń wọ ẹ́ńjìnì dúró, ọ́ìlì náà ti dá nìyẹn, táyà sì ń yí kíráǹkì lọ. Mo máa ń di kọ́lọ́ọ̀ṣì mú níbẹ̀, tàbí kí n máa fún un ní bẹntiróòlù díẹ̀díẹ̀.

Èédú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ihò èéfín. Mo gbé písítìn lọ sísàlẹ̀ pátápátá, mo fi igi líle ha á. Irin ò gbọdọ̀ kan orí písítìn, alumíníọ̀mù ni, ó rọ̀. Ó ti mọ́ báyìí. Sáílẹ́ńsà ló kù, ìyẹn di ọ̀la.