John Adams: ààrẹ alágídí tí mo fẹ́ràn

Ẹni tó bá ní dátà kó lọ wo John Adams o, eré alápá 7 tí HBO, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2008 lórí ààrẹ kejì Amẹ́ríkà. Paul Giamatti ló ṣe John, Laura Linney ló ṣe Abigail ìyàwó ẹ̀. Wọn ò sọ ààrẹ di òrìṣà ṣá, ìyẹn ló wù mí jù, bàbá yẹn lágídí, ó tètè ń bínú, síbẹ̀ òun ni lọ́yà tó gbèjà àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́ọ̀tù, àwọn tó yìnbọn pa èèyàn ní Boston ní 1770, nígbà tí inú ń bí gbogbo ìlú sí wọn.

Ibi tí àrùn ìgbóná, ṣọ̀pọ̀ná, ti jà yẹn ńkọ́! Dókítà gbé ọmọ tí ara ẹ̀ kún fún egbò wá sílé, ó fi ọ̀bẹ gbọ́n ọyún lára ẹ̀, ó fi ọyún ọ̀hún sín gbẹ́rẹ́ fún Abigail kí àrùn náà má bàa pa á, ó tún kan àwọn ọmọ, baálé ò sì sí ńlé, ó wà ní Philadelphia. Màmá mi níbí ní Iléṣà figbe ta, "Yéè, Olóde! Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn jàre!" Wọn ò sì dìde o, àfìgbà tíná lọ.

Apá tí wọ́n rán John lọ sí Faransé fà jù, wíìgì tí wọ́n ń dé yẹn sú mi.

John àti Thomas Jefferson, ààrẹ kẹta, wá jà títí, wọ́n padà ń kọ lẹ́tà síra wọn, ọjọ́ kan náà ni wọ́n kú, 4 July 1826, 50 ọdún géérégé sí ọjọ́ òmìnira wọn. Kì í ṣe pé wọ́n hùmọ̀ ẹ̀ fún eré o, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn.