Bo ìgò yẹn ná

Alẹ́ àná, a jókòó síbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ lẹ́bàá títì ní Bangkok. Mo ya fọ́tò ẹja yíyan wa, mo fẹ́ gbé e síbí. Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Thailand, di ọwọ́ mi mú: "Jọ̀ọ́, bo ìgò yẹn ná." Ó fa bébà ìnuwọ́ yọ, ó wé e mọ́ ìgò bíà náà láti ọrùn dé ìdí, títí a ò fi rí lẹ́tà kan lára rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ń bà á ní tòótọ́.

Òfin ọtí tí wọ́n ṣe ní Thailand ní 2008 ló fà á. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nígbà náà, abala 32 rẹ̀ ka fífi orúkọ tàbí àmì ọtí fa ojú èèyàn mọ́ra léèwọ̀; owó ìtanràn lè tó 500,000 baht (owó Thailand), ẹ̀wọ̀n sì lè tó ọdún kan. Wọ́n ti pe aráàlú lásán lẹ́jọ́ nítorí fọ́tò Facebook.

Síbẹ̀, ike omi tó wà lórí tábìlì kan náà ń jẹ́ Chang, orúkọ bíà tó wà láyà jẹ́sì Everton láti 2004 di 2017, èyí tí Yobo wa wọ̀. Kò sẹ́ni tó ní ká bo ìyẹn.

Ti àwọn aṣòfin ló dùn mí jù. Taopiphop Limjittrakorn, tí wọ́n mú ní 2017 torí ó ń pọn bíà nílé, di aṣòfin, ó sì gbé àbá lọ kí àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké náà lè máa pọntí. Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìbò 196 sí 194 ni wọ́n fi dà á nù. Ìlera aráàlú ni wọ́n ń pariwo. Àǹfààní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni èmi ń rí.

Ẹ̀yin tó wà lókè òkun, ṣé ẹ ti rí irú òfin yìí níbi tí ẹ wà?